Ìjánu Inú Àpótí Iná

“Àsíátù, ṣí i fún mi. Mo bẹ̀ ọ́. Yọ ìjánu inú rẹ̀ kúrò.”

Àsíátù kò gbójú sókè. Ó doríkodò sórí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ẹ̀gbin kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn máa ń gùn bí alùpùpù lójú omi. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ọ̀gá wọn, kó mélòó kan sí etí adágún Jàbí, ó ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó bá wá gbafẹ́. Àsíátù ló ń tún wọn ṣe. Ọkọ rẹ̀, Àbdùlsàmàd, tó dúró tì í yìí, ló ti pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ń fi wọ́n gbé àlejò yí adágún ká.

“Ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná, Bàbá Rísíkàt.”

“Láti àná lo ti ń parí rẹ̀.”

Irọ́ kọ́. Láti àná ló ti ń wá iṣẹ́ tí yóò máa ṣe kí ó má baà dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ilé wá, nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn láti Jikwoyi, tó dúró sójú kan ní Nyanya títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Ó rẹ̀ ẹ́ nítorí ìkérora ọkọ rẹ̀ lóru, nígbà tí ìbàdí kò bá jẹ́ kó lè yí padà lórí ibùsùn. Èyí tó wá rẹ̀ ẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ìdíje yìí.

Àwọn tó ní ọkọ̀ létí adágún ló gbé ìdíje náà kalẹ̀, pé lọ́jọ́ Sátidé kí àwọn awakọ̀ wọn sáré lójú omi, kí èrò lè wá wòran. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ti fi tirẹ̀ kún un: awakọ̀ rẹ̀ tó bá ṣe dáadáa ni yóò máa wà lójú omi, ẹni tó bá ti ń fà sẹ́yìn yóò bọ́ sí etí omi, yóò máa wọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, fún àwọn àlejò.

“Ameen,” ni Àbdùlsàmàd wí, bí ẹni tí egungun há lọ́fun. “Ameen tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró lórí jẹ́ẹ̀tì! Òun ni yóò máa sáré kiri lójú omi, èmi ni n ó máa so okùn ẹ̀wù mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níkùn.”

“Ṣé ẹni tó ń so okùn ẹ̀wù kì í ṣe ènìyàn ni?”

“O mọ ohun tí mò ń sọ.”

Ó mọ̀ ọ́n. Kò kúkú sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Lójú omi nìkan ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń jọ ọkùnrin tó fẹ́ ẹ nílùú Ìwó. Lórí ilẹ̀, ó ti di ẹni tó ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde.

Ó gbé púlọ́ọ̀gì sílẹ̀, ó wá wo ojú rẹ̀. “Bàbá Rísíkàt, ìjánu yẹn kì í ṣe ọ̀tá yín.”

Àpótí dúdú kan ni àwọn méjèèjì jọ ń wò, tí kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ, tí wáyà yọ lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Òun ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bó bá ti yí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àpótí náà á fa iná sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú akàn, kí eré má baà kọjá ààlà. Ìjánu ni Àsíátù máa ń pè é. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ó rí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ oje líle inú àpótí náà kúrò, tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun kékeré kan níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí kọjá ibi tí wọ́n dá a dúró sí.

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ̀ yìí máa ń fò,” ni ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Bó bá fò kúrò lójú omi, kò sí ohun tí yóò di ẹ̀rọ rẹ̀ mú mọ́. Á kàn máa yí bí wèrè ni. Ìjánu yẹn ni kì í jẹ́ kó fọ́. Mo rí èyí tó fọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Òkè ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa. Ọkùnrin tó gùn ún fò gba orí ọwọ́ ọkọ̀ kọjá. Wọ́n gbé e jáde láàyè, ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò lè yí ọrùn rẹ̀ mọ́.”

“Ìyẹn ò mọ̀ ọ́n gùn ni.”

“Ó mọ̀ ọ́n gùn. Wọ́n sì ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí iná kí ìdíje tó parí.”

“Ta ni yóò mọ̀? Ìwọ nìkan ló ń ṣí ẹ́ńjìnnì níbí.” Àbdùlsàmàd bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ìbàdí sì dùn ún bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó fi eyín tẹ ètè. “Gbọ́, Àsíátù. Bí o ò bá ṣe é, n ó yọ ọ́ fúnra mi, n ó gbé e lọ sí Àpò. Mẹkáníìkì pọ̀ níbẹ̀ bí èèrà.”

“Mẹkáníìkì mọ́tò? Kí ni wọ́n mọ̀ nípa èyí?”

“Wọn kì í bá èèyàn jiyàn.”

Àsíátù wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún epo. Ó rí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ní Àpò, tó ń gé wáyà kan dánwò, tó ń so òmíràn, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán.”

Nígbà tí oòrùn kanrí, tí àwọn tó kù lọ jẹun lábẹ́ igi, Àsíátù yọ àpótí náà, ó gbé e lọ sórí tábìlì inú búkà páànù tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ó tú ìdérí rẹ̀. Oje dúdú ló bo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó ha ojú oje náà, ó tún un ha. Ó mọ ibi tí ohun tó ń wá wà. Bó bá ṣe é, kò ní pẹ́ rárá.

Ó wá ń rò ó pé, bí òun bá ṣe é, tí ọkọ̀ náà sì gbé ọkọ òun dé, yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lọ́la, yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lọ́tùnla. Bí kò bá sì gbé e dé ńkọ́? Rísíkàt yóò bi í pé, ‘Mọ́mì, ta ló tún ọkọ̀ yẹn ṣe?’

Ó dá ọ̀bẹ dúró. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì epo tó ti gbẹ, ó ń wo àpótí náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa gọ́ọ̀mù tuntun sórí ibi tó ha, ó mú un dán dáadáa, ó sì dé e. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé wọ́n ti wọnú rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ gan-an, bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe wà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí òfin gbà ló ṣe fún ọkọ̀ náà. Ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí abẹ̀bẹ̀ irin ti ń fa omi wọlé, ó fa koríko àti ọ̀rá tó lọ́ mọ́ ọn kúrò. Nígbà tó parí, aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn.

Àbdùlsàmàd gbé e sójú omi nírọ̀lẹ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó sì fọ́n omi sókè lọ́nà tó jẹ́ pé àwọn tó jókòó létí adágún pariwo. Nígbà tó gúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ojú ọmọkùnrin Ìwó ni.

“Ó yàtọ̀! Àsíátù, ó yàtọ̀! Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti fò!” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó ṣì ń wúkọ́ díẹ̀ tó bá fò sókè, àbí etí mi ni?”

“Mo sún ìjánu náà sókè díẹ̀ ni. Mi ò lè yọ ọ́ pátápátá.”

“Díẹ̀ náà ti tó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ o, ìyàwó mi.”

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín fún un, ó yíjú sí ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àbdùlsàmàd ń sọ ọ́. Nílé, ó ń sọ ọ́. Ó fi àwo rẹ̀ ṣe jẹ́ẹ̀tì fún Rísíkàt lórí tábìlì, ó ń yí i gba ẹ̀yìn ife omi, ọbẹ̀ sì ń dà sílẹ̀. Rísíkàt, tó gbọ́ gbogbo Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́, ń rẹ́rìn-ín. “Dádì, ẹ máa win,” ló ń wí. “Ẹ máa win dáadáa.” Àsíátù kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́, ó tún èyí tó ti mọ́ fọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò kún etí adágún. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà wọ fìlà tó bo iwájú orí, ó ń kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti so dúrọ́ọ̀mù pupa méjì mọ́lẹ̀ lójú omi, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn awakọ̀ yóò máa yí po.

Ameen wá kí Àbdùlsàmàd kí wọ́n tó gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Kwali, àdúgbò Yorùbá ní Jikwoyi ló sì gbé dàgbà. Ó tẹrí ba.

“Bàbá, sànnu o. Ẹ má bínú sí mi lónìí o.”

“Kí n bínú sí ọ? Ẹ̀yìn mi ni wàá máa wò, ọmọ mi.”

“Kai! Bàbá!” Ameen rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Àsíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fun fèrè. Àbdùlsàmàd ló kọ́kọ́ já jáde, púlọ́ọ̀gì tuntun ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé dúrọ́ọ̀mù tó jìnnà kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀, Àsíátù sì ń gbàdúrà láìmọ ohun tí ó ń tọrọ. Níbi ìyípo, Àbdùlsàmàd fẹ̀ jù. Ìbàdí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti yẹ. Ameen gba àárín rẹ̀ àti dúrọ́ọ̀mù kọjá. Bí wọ́n ti wá kọjú sí gbangba omi, Àsíátù gbọ́ ọ láti etí omi: ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀ dé òpin, ìjánu sì dì í mú. Ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó sọ. Ẹnì kan tún kọjá rẹ̀. Ẹlòmíràn tún kọjá. Nígbà tí wọ́n parí, ẹyọ ọkọ̀ kan péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ yẹn sì ti fẹ́ kú lójú ọ̀nà.

Ó gúnlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fọwọ́ gbá ìjókòó ọkọ̀ náà bí ẹni ń ki ẹṣin, ó sì rìn gòkè wá, omi ń kán lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà pàdé rẹ̀.

“Àbdùl, o káre. O gbìyànjú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, a óò jọ sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀gá, kò sí ohun tó kù tí a fẹ́ sọ.” Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ, àwọn awakọ̀ tó kù sì yíjú. “Ọkọ̀ kò lẹ́bi. Ẹni tó tún un ṣe kò lẹ́bi. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Ara mi ni kò gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kí Ameen máa gùn ún.”

Ẹnu ya Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà. “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Àsíátù wà nítòsí. Ó la ẹnu. Ó rí àwọn ojú tó wà níbẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni yóò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ní kó ṣe. Ó pa ẹnu dé.

Ohun tó ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọdún tó kọjá nìyí: kí ọkọ òun kúrò lójú omi kí egungun rẹ̀ tó tú. Ó ti rí i gbà láìjà láìta. Ó kó sípánà rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Àbdùlsàmàd gbé orí ti fèrèsé bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Jikwoyi, tí wọ́n yà sí ọ̀nà eléruku tó lọ sílé wọn, oòrùn ti ń wọ̀. Àsíátù dúró.

“Bàbá Rísíkàt, ẹ dúró ná.”

Ó yíjú.

“Mi ò ṣí àpótí yẹn.”

“Àpótí wo?”

“Àpótí iná. Mo kàn fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tuntun bò ó. Mi ò fọwọ́ kan ìjánu inú rẹ̀.”

Ọ̀kadà kan kọjá láàárín wọn àti ògiri, eruku sọ. Àbdùlsàmàd kò gbọn eruku náà kúrò lójú.

“Ṣùgbọ́n mo gùn ún. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ó yàtọ̀.”

“Púlọ́ọ̀gì tuntun ni. Mo sì fọ kábúrétọ̀.”

“Nígbà tí mo wá ń yọ̀? Tí mò ń fi àwo yí tábìlì ká fún ọmọ mi?”

“Mò ń wò yín.”

“O ń wò mí.” Ó mi orí. “O sọ mí di ọmọdé, Àsíátù.”

“Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ ní ẹ ó gbé e lọ sí Àpò.”

“Ò bá ní o ò ṣe é! Ká jà! Ṣé a kò jà rí ni?”

“Ó rẹ̀ mí láti jà.”

Ohùn Àbdùlsàmàd ti wálẹ̀. “Kí ló wá dé tí o ń sọ fún mi báyìí? Ohun tí o fẹ́ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ti kúrò níbẹ̀. Ò bá pa ẹnu rẹ mọ́.”

“Ẹ ní ara yín ni. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, nítorí pé ẹ gbà pé mo ti ṣe tèmi. Mi ò lè máa wò yín kí ẹ máa gbé irọ́ tèmi sùn, kí ẹ máa gbé e jí.”

“Bó bá jẹ́ pé o ṣí i, ṣé mi ò bá borí?”

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. “Mi ò mọ̀,” ni Àsíátù wí. “Ẹ fẹ̀ jù níbi ìyípo. Ameen sì fúyẹ́. Ẹ lè borí. Ẹ sì lè ṣubú. A ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.”

Àbdùlsàmàd ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó dá jẹun. Kò bínú sí Rísíkàt tó ń bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó kàn sọ fún un pé àwọn tó yára pọ̀. Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, Àsíátù kò gbọ́ ìkérora kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọkọ òun kò sùn.

Ọjọ́ Àìkú ni èrò máa ń pọ̀ jù létí adágún, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tètè dé. Omi ṣì tẹ́ rọrọ nígbà tí wọ́n dé. Àsíátù ń ṣí ìlẹ̀kùn búkà nígbà tí ọkọ rẹ̀ ju ẹ̀wù ìléfòó kan sí iwájú rẹ̀.

“Wọ̀ ọ́.”

“Kí ni n ó fi ṣe?”

“Jókòó sẹ́yìn mi. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wá gbọ́ ọ.”

Láti ìgbà tó ti ń tún jẹ́ẹ̀tì ṣe, orí ilẹ̀ nìkan ló ti ń dúró gbọ́ ọ. Kò mọ omi í wẹ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ó wọ ẹ̀wù náà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gùn ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ó rọra gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n dé àárín adágún, ó tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ gba gèlè Àsíátù, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run, ó fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi dé ibi tí ìjánu ti dì í mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Ṣé o gbọ́ ọ?” ni Àbdùlsàmàd kígbe.

“Mo gbọ́ ọ!”

Ó dẹ ọwọ́. Ọkọ̀ náà sinmi lórí omi, ó ń mì lẹ́lẹ́ẹ́lẹ́. Òkè òdìkejì ti ń yọ nínú ìkùukùu òwúrọ̀.

“N ó lọ bá ọ̀gá lọ́la,” ló wí láìyíjú sẹ́yìn. “N ó ní mo fẹ́ máa gùn ún títí ọdún yóò fi parí, bó ṣe wà yìí, pẹ̀lú ìjánu rẹ̀. Bó bá gbà, ó gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni n ó sọ fúnra mi pé ó tó. Ẹnikẹ́ni kò ní bá mi sọ ọ́. Ìwọ náà kò ní bá mi sọ ọ́.”

“Mo gbọ́.”

“Inú mi kò tíì yọ́ sí ọ o.”

“Mo mọ̀.”

Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àsíátù rí i pé òun kò tíì tú ọwọ́ òun kúrò lára rẹ̀. Ó ń mọ bí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe le lábẹ́ ẹ̀wù náà.

“Ìbàdí yín ńkọ́?” ló bi í.

Ó ń wo iwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ ọkọ̀.

“Ó ń dùn mí,” ni Àbdùlsàmàd wí. “Ó ń dùn mí gan-an, Àsíátù.” Láti ìgbà tí ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀, kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un rí.